Bàbá Alátíkè, Aṣojú Àwọn Obìnrin

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, àga ló fà á. Kì í ṣe àga ọba, kì í sì í ṣe àga ìjòyè. Àga onígi kan ni, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì, tó wà nínú yàrá tí Ìgbìmọ̀ Iná, àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ìlú, ti ń ṣèpàdé. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ OBÌNRIN gàdàgbà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó gbé ẹjọ́ wá ni ẹni tó ni àga náà, Aṣojú Àwọn Obìnrin nínú ìgbìmọ̀, ìyẹn Bàbá Alátíkè.

Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá ni wọ́n ń pè é. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ọkùnrin ni, onírùngbọ̀n ni, ó sì láya nílé. Àtíkè, ìyarun àti ọṣẹ olóòórùn dídùn ló ń tà láti ìgbà èwe rẹ̀, àwọn obìnrin ló sì ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló tún wá mọ obìnrin jù ú lọ? Ìbéèrè tó bi ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n yàn án nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ta kò ó, nítorí kò sí obìnrin kankan níbẹ̀.

Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ àga ti ṣẹlẹ̀ ni oúnjẹ kò ti lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó wọ ààfin pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, ó wólẹ̀ níwájú ọba, ó sì sunkún díẹ̀, níwọ̀nba tó yẹ.

“Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ẹ gbà wá o! Wọ́n ti gba ipò lọ́wọ́ àwọn obìnrin!”

“Ta ló gbà á?”

“Obìnrin kan ni, Kábíyèsí.”

Ìjòyè àgbà tó ń tòògbé lápá ọ̀tún lajú.

“Tún un sọ,” ni Kábíyèsí wí, “kó lè yé mi.”

“Kábíyèsí, èmi ni aṣojú àwọn obìnrin. Mo dé ibi ìpàdé, mo bá obìnrin kan lórí àga àwọn obìnrin. Mo ní kó dìde, kò dìde. Mo ní, ‘Ìyá, àga obìnrin lẹ jókòó sí yẹn o.’ Ó ní òun mọ̀. Ó tún rẹ́rìn-ín sí mi! Orí ìdúró ni mo wà tí mo fi ṣojú wọn títí ìpàdé fi parí. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, orúnkún ṣì ń ro mí.”

“Ta ni obìnrin náà?”

Bàbá Alátíkè nàka sí Ìyá Agbẹ̀bí, tó jókòó sórí bẹ́ńṣì lódì kejì, tó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè bí ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá. Òun ló ń gbẹ̀bí nílé ìgbẹ̀bí tó wà lẹ́yìn ọjà. Kábíyèsí kì í fi “ìwọ” bá a sọ̀rọ̀, nítorí òun ló gbẹ̀bí gbogbo ọmọ tó wà láàfin.

“Ìyá, ẹ ti gbọ́. Ṣé ẹ jókòó, àbí ẹ ò jókòó?”

“Mo jókòó, Kábíyèsí.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi jókòó?”

“Kábíyèsí, mo wọlé, mo rí àga tí wọ́n kọ OBÌNRIN sí lẹ́yìn. Mo wo ara mi látòkè délẹ̀. Mo ní ó jọ pé èmi ni wọ́n ń bá wí. Ni mo bá jókòó.”

Ariwo ta. Àwọn ìjòyè ń wo ara wọn lójú. Ọ̀kan nínú wọn ní òun kò tíì gbọ́ irú àwáwí bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí òun ti joyè.

“Ẹ ò rí nǹkan!” ni Bàbá Alátíkè pariwo. “Ó ní torí pé òun jẹ́ obìnrin! Kábíyèsí, tó bá jẹ́ pé torí kéèyàn jẹ́ obìnrin nìkan ló fi lè jókòó sórí àga obìnrin, gbogbo obìnrin ìlú ló máa wá jókòó nìyẹn. Ṣé àga ẹyọ kan máa gbà wọ́n ni?”

Ìjòyè àgbà mi orí. Ó ní ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀.

“Ìyá,” ni Kábíyèsí wí, “kí ló gbé yín dé ìpàdé gan-an?”

“Òpó iná ni, Kábíyèsí. Wọ́n ní ẹyọ kan ṣoṣo ló kù tí àwọn oníná máa ri kí wọ́n tó kó ọkọ̀ wọn kúrò nílùú. Mo gbọ́ pé ilé ọtí Alága ni wọ́n fẹ́ ri í sí. Mo wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ri í síwájú ilé ìgbẹ̀bí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Bàbá Alátíkè, ta ló yàn ọ́ ṣe aṣojú àwọn obìnrin?”

“Àwọn obìnrin fúnra wọn ni, Kábíyèsí. Tayọ̀tayọ̀ ni. Àwọn míì ń jó.”

Kábíyèsí ní kí Alága Ìgbìmọ̀ Iná bọ́ síwájú. Alága yìí náà ló ni ilé ọtí. Ó sanra dáadáa, ó sì ń nu òógùn ojú rẹ̀ kí wọ́n tó bi í ní nǹkan kan.

“Alága, báwo lẹ ṣe yàn án?”

“Kábíyèsí, létòlétò la ṣe é. Àwọn oníná ní àwọn ò ní fa wáyà wọ ìlú yìí àfi tí obìnrin bá wà nínú ìgbìmọ̀. Wọ́n tún ní ibi tí aṣojú àwọn obìnrin bá ní kí wọ́n ri òpó ìkẹyìn sí ni wọ́n máa ri í sí, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yí i padà. A ní kò burú. A wá obìnrin títí.”

“Níbo lẹ ti wá a?”

“Nílé ọtí mi, Kábíyèsí. Ibẹ̀ la ti ń ṣèpàdé nígbà náà. A wòtún, a wòsì, a ò rí obìnrin kankan. Ni a bá fi Bàbá Alátíkè síbẹ̀.”

“Àwọn obìnrin tó ń jó ńkọ́?”

“Èwo nínú wọn, Kábíyèsí?”

Ikọ́ ṣàdédé mú Bàbá Alátíkè. Alága kò rí i, ọ̀rọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára.

“Kábíyèsí, àwọn oníná gan-an ni kò ṣe dáadáa. Wọ́n fi obìnrin kan ránṣẹ́ sí wa pẹ̀lú ọkọ̀ wọn. A bi í pé ẹnjiníà dà. Ó ní òun ni. A rẹ́rìn-ín, a ní kó lọ jókòó nílé ìdáná kó máa retí ẹnjiníà.”

“Ṣé ẹnjiníà wá dé?”

“Kò dé o! Títí obìnrin yẹn fi bínú dìde, tó fúnra rẹ̀ gun òpó, tó so wáyà, tó tan iná fún wa, a ò fojú kan ẹnjiníà kankan. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn?”

Kábíyèsí fọwọ́ bo ẹnu, ó sì wo òkè àjà fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó rí ohùn rẹ̀ kó jọ, ó yíjú sí olùpẹ̀jọ́.

“Aṣojú, kí lo sọ fún ìgbìmọ̀ lórúkọ àwọn obìnrin?”

“Mo ní àwọn obìnrin ìlú yìí fẹ́ kí wọ́n ri òpó tó kù sí ilé ọtí.”

“Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe níbẹ̀?”

“Kábíyèsí, ẹ fọkàn bá mi lọ. Tí iná bá dé ilé ọtí, ọtí á tutù. Tí ọtí bá tutù, ọkùnrin á mu ún, ara á tù ú, á sì fẹ̀rín wọlé tọ aya rẹ̀. Ta ló wá jèrè ẹ̀rín yẹn? Obìnrin mà ni!”

“Ilé ìgbẹ̀bí wá ńkọ́?”

“Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa, Kábíyèsí. Ibi tí ọmọ tuntun ti ń bọ̀, òkùnkùn ni. Ó ti mọ́ ọn lára. Tí wọ́n bá ṣàdédé tan iná sí i lójú, ṣé ẹ̀rù ò ní bà á?”

“Sáyẹ́ǹsì nìyẹn,” ni ìjòyè àgbà wí, ó sì padà sídìí oorun rẹ̀.

Orí Bàbá Alátíkè wú. Ó rí i pé ẹjọ́ náà ti ń ṣẹnuure fún òun. Ó ní òun ní ẹlẹ́rìí. Ó ní ìyàwó òun wà láàárín àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin sì ni, ẹnikẹ́ni tí kò bá gbà á gbọ́ lè wò ó. Ìyàwó bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀.

“Ìyàwó mi, sọ fún Kábíyèsí. Ṣé mi ò kì í fi ọ̀rọ̀ lọ̀ yín ni?”

“Kábíyèsí, ọkọ mi kì í purọ́. Ó máa ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀ mí. Láàárọ̀ yìí náà, ó bi mí pé níbo ni mo gbé bàtà òun sí.”

“Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́?” ni Kábíyèsí bi í.

“Ó sọ ọ́, Kábíyèsí. Ó ní kí n máa pa á kí n tó sùn.”

“Ǹjẹ́ o mọ̀ pé òun ni aṣojú rẹ?”

“Ẹnu oníbàárà kan tó wá ra ọṣẹ ni mo ti gbọ́. Mo rò pé ó ń bá mi ṣàwàdà ni. Mo tiẹ̀ ta á ní ẹ̀dínwó.”

“Ṣé lóòótọ́ lo fẹ́ kí ọtí tutù?”

“Kábíyèsí, èmi kì í dé ilé ọtí, àfi tí mo bá fẹ́ lọ fà á wálé.”

“Tó bá wọlé, ṣé ó máa ń rẹ́rìn-ín?”

“Ó máa ń hanrun.”

Ẹ̀rín bú lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Alátíkè gbé ọwọ́ sókè kíákíá.

“Kábíyèsí, ẹ má ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Ìyàwó mi lásán ni. Kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin.”

Kábíyèsí yíjú sí Ìyá Agbẹ̀bí, ó bi í pé kí ló ń lò báyìí tí kò sí iná. Ìyá dìde dúró. Ẹ̀rín tó wà lójú rẹ̀ látàárọ̀ ti lọ.

“Kábíyèsí, ojú títì ni fèrèsé yàrá tí mo ti ń gbẹ̀bí kọ sí. Mo ti fi aṣọ dí i pa, torí obìnrin tó ń rọbí kì í ṣe ìran wíwò. Lọ́sàn-án gangan, òkùnkùn ni inú ibẹ̀. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lẹ́nu iṣẹ́, eyín ni mo fi ń di tọ́ọ̀ṣì mú. Tó bá wá di pé kí n sọ fún ìyá ọmọ pé kó rọra, àbí kó fi agbára sí i, àfi kí n kọ́kọ́ yọ tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Tí mo bá ń sọ̀rọ̀, mi ò ríran. Tí mo bá ń ríran, mi ò lè sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, okùn ìdodo wé ọmọ kan lọ́rùn. Ìyá rẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, mi ò tètè rí i. Ọmọ náà yè. Àmọ́ àyà mi ò tíì padà sípò, Kábíyèsí. Ẹ̀rù ń bà mí láti tún gba ẹlòmíì.”

Ó jókòó. Nǹkan kan gún Bàbá Alátíkè láyà, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé ebi ni.

Alága ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ yìí ò le tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kàn wá ẹnì kan tí á máa bá Ìyá di tọ́ọ̀ṣì mú. Ọ̀rọ̀ á parí, òpó á sì máa lọ sí ilé ọtí.”

“Alága,” ni Kábíyèsí wí, “o ṣeun. O ti bá mi dá ẹjọ́ náà dé ìdajì.”

Ó gbé ara rẹ̀ dúró dáadáa. Gbogbo èèyàn fi etí sílẹ̀.

“Èmi ni mo fọwọ́ sí yíyàn Bàbá Alátíkè. “Alátíkè” nìkan ni wọ́n kà sí mi létí, mo sì rò pé obìnrin kan ni. Àṣìṣe ni, àmọ́ ọba kì í kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Nítorí náà, Bàbá Alátíkè ló ni àga. Ìyá Agbẹ̀bí jẹ̀bi. Wọn ò gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀ mọ́.”

Àwọn obìnrin lẹ́nu ọ̀nà kùn. Ìyá Agbẹ̀bí tẹrí ba. Alága na ọwọ́ sí Bàbá Alátíkè, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, orúnkún tó ń ro Bàbá Alátíkè sì jinná lójú ẹsẹ̀. Ó ti ń wá ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tó máa sọ lórúkọ àwọn obìnrin.

“Mi ò tíì parí,” ni Kábíyèsí wí. “Ẹni tó bá ń ṣojú obìnrin, ibi tí ojú ti ń pọ́n obìnrin ló yẹ kó wà. Láti òní lọ, títí iná á fi dé ilé ìgbẹ̀bí, Aṣojú ni yóò máa di tọ́ọ̀ṣì mú. Obìnrin tó bá ń rọbí, kí wọ́n ránṣẹ́ pè é. Yálà ó ń jẹun, yálà ó ń tajà, yálà ọtí ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù.”

“Kábíyèsí! Èmi? Ẹ̀jẹ̀ ń bà mí lẹ́rù!”

“Dijú rẹ. Tọ́ọ̀ṣì nìkan ni kò gbọdọ̀ dijú.”

“Kábíyèsí, ọkùnrin kì í wọ ibẹ̀!”

“Òótọ́ ni. Ìwọ ni aṣojú obìnrin, ìwọ máa wọlé.”

“Kábíyèsí, mo fi ipò sílẹ̀! Lójú gbogbo yín níbí, mo fi í sílẹ̀!”

“Ó dára. Àmọ́ ẹni tí wọ́n bá yàn tayọ̀tayọ̀ kò lè dédé lọ bẹ́ẹ̀. Àfi kí àwọn tó yàn ọ́ gbà.” Kábíyèsí yíjú sí ẹnu ọ̀nà. “Ẹ̀yin obìnrin, aṣojú yín fẹ́ fi yín sílẹ̀. Ṣé ẹ gbà?”

“A ò gbà!” Ohùn ìyàwó rẹ̀ ló ròkè jù. “Kò sí irú rẹ̀, Kábíyèsí! Òun la fẹ́!”

Wọn kò tíì pa ẹnu dé tí obìnrin kan fi sáré wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Aránṣọ tó ń gbé lẹ́yìn ọjà ti ń rọbí, ó ti wà nílé ìgbẹ̀bí, kí Ìyá tètè máa bọ̀. Ìyá Agbẹ̀bí kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. Ó ti ń lọ. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn.

“Alátíkè, ó yá o.”

Ẹsẹ̀ Bàbá Alátíkè kò fẹ́ gbé e. Àwọn obìnrin ìlú bá a gbé e, wọ́n sì sìn ín dé ẹnu yàrá náà bí wọ́n ṣe ń sin ẹni ńlá.

Ó dijú wọlé. Ìyá fi tọ́ọ̀ṣì lé e lọ́wọ́, ó ní kó gbé e sókè díẹ̀. Ó gbé e sókè. Ìyá ní kó má gbọ̀n. Ìyẹn ni kò ṣeé ṣe. Aránṣọ náà wá ohun tó máa dì mú, ọwọ́ Aṣojú ló rí, ó sì fún un débi tí Bàbá Alátíkè fi gbàgbé pé ojú òun yẹ kó wà ní dídì. Ó lajú, ó rí i. Ariwo méjì ni wọ́n gbọ́ níta, wọn kò sì mọ èwo ni ti aránṣọ.

Ìyá ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń bá aránṣọ sọ ọ́ bí ìyá àti ọmọ, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù lọ ni iná tọ́ọ̀ṣì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Bàbá Alátíkè gbá a mọ́ itan. Ó pọ́n sí i. Ó tún gbá a. Ó kú.

“Ìyá! Iná ti lọ!”

“Mo rí i.”

“Ìyá, orí ọmọ ti ń bọ̀! Iná dà? Irú ìlúkílùú wo nìyí? Ta ló wà nídìí ọ̀rọ̀ iná ìlú yìí?”

“Ìwọ ni,” ni Ìyá Agbẹ̀bí dá a lóhùn nínú òkùnkùn. “Ṣí ìdí ẹ̀, kó o yí àwọn òkúta bátìrì inú ẹ̀ padà. Rọra ṣe é, má jẹ́ kó jábọ́.”

Láyé rẹ̀, Bàbá Alátíkè kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan pẹ̀lú ìbẹ̀rù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó tú u, ó yí i padà, ó tún un dé, ó sì gbọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń bẹ tọ́ọ̀ṣì bí ẹni ń bẹ èèyàn. Iná padà wá. Ọmọbìnrin ni wọ́n bí. Nígbà tó ké, Aṣojú náà ké, ẹkún náà kò sì níwọ̀n, nítorí kò sí Kábíyèsí kankan níbẹ̀ tó ń sun ún fún.

Láàárọ̀ yìí, Ìgbìmọ̀ Iná pé jọ. Obìnrin tó ń retí ẹnjiníà ọjọ́sí náà wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú okùn tó fi ń gun òpó lójìká, ó sì bèèrè ibi tí wọ́n máa gbẹ́ ihò òpó ìkẹyìn sí. Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti gbé firísà tuntun sí ilé ọtí rẹ̀. Ó ní kí Aṣojú bá wọn sọ ọ́, kó tún un sọ bó ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Bàbá Alátíkè dìde. Ojú rẹ̀ pọ́n, ọwọ́ tí aránṣọ fún sì wú. Ó wo Alága fún ìgbà pípẹ́ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

“Ilé ìgbẹ̀bí ni,” ó ní. “Alága, kí ọtí yín máa gbóná lọ. Ìyà ti jẹ àwa obìnrin tó.”